Baba Jíà Gba Ọkọ Tíṣà Nímọ̀ràn

Ọ̀sán gangan ni, lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun. Àwọn tírélà tò sẹ́yìn ara wọn láti ẹnu géètì títí dé ibi tí ojú ò tó mọ́. Gbogbo wọn ló ṣófo, gbogbo wọn ló ń retí ẹrù, géètì sì pa dé bí ẹnu ọmọ tó kọ oògùn. Awakọ̀ tí tirẹ̀ wà níwájú pátápátá ni wọ́n ń pè ní Ọkọ Tíṣà, nítorí pé tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì tíì da nǹkan kan tí wọ́n lè fi pè é. Ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ni Baba Jíà, àgbà awakọ̀ kan tó gbọ́n ju gbogbo èèyàn lọ, tó sì máa ń rán wọn létí. Àwọn méjèèjì jókòó sórí táyà àlòkù kan, níbi tí ọkọ̀ Ọkọ Tíṣà ti ṣíji bò wọ́n.

"Baba, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan."

"Bó bá jẹ́ ti ọkọ̀, bi mí. Bó bá jẹ́ ti obìnrin, bi mí náà. Kò sí èyí tí n ò mọ̀."

"Ká ní ẹ tún ayé wá, ṣé iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà yìí lẹ máa tún yàn?"

Baba Jíà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi? Kí n tún ayé wá, kí n tún wá wa tírélà? Kí ni mo ṣe fún ẹlẹ́dàá mi? Tí wọ́n bá bí mi láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ni màá ti sọ fún ìyá mi pé ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ bá ti ju mẹ́rin lọ, kó má jẹ́ kí n sún mọ́ ọn."

"Ẹ ò tiẹ̀ rò ó wò."

"Kí ni mo fẹ́ rò? Wo ọrùn mi." Ó fẹ́ yí ọrùn, gbogbo ara ló bá a yí. "Ṣé o rí i? Ọrùn yìí ò yí mọ́. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo fi ń wo ẹ̀yìn látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Tí wọ́n bá pè mí lẹ́yìn nínú ilé mi, dígí ni mo kọ́kọ́ máa ń wá."

"Ìbàdí ló ń dun èmi."

"Tìẹ ṣì kéré. Nígbà tí mo fẹ́ fa ọmọ mi obìnrin lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dì í lápá mú wọ gbọ̀ngàn. Kò sí wàhálà. Mo dì í mú, a ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. A wá dé kọ́nà tá a ti máa yà sọ́dọ̀ ọkọ. Kí lo rò pé mo ṣe?"

"Ẹ yà."

"N ò lè yà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ gígùn kì í yà bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ̀ sápá òsì, mo gba àárín àga àwọn àna mi kọjá, kí ìdí má bàa ha ògiri, kí n tó wá rọra yí ọmọ náà sápá ọ̀tún. Mo ta bàbá ọkọ nù lórí àga. Ọmọ mi ń sunkún, àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ló ń pa á."

Ọkọ Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Oòrùn ló ń wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn bí bàbá ọkọ ṣe ṣubú.

"Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé ìyàwó mi ti bá mi rí iṣẹ́ níléèwé tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí n máa tọ́jú sítọ́ọ̀. Hẹ́dímásítà ní kí n wá fún òun lésì kí wọ́n tó ṣíwọ́ lónìí. Tí n ò bá dé, ẹlòmíì ló máa gbà á."

"Kí lo wá jókòó ṣe?"

"Ìlà ni, Baba. Ẹ̀yin náà mọ òfin ibí. Tí géètì bá ṣí tí èèyàn ò sí nídìí ọkọ̀ ẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló ń padà sí. Ojú oorun mi ti bàjẹ́ lórí ìlà yìí. Èmi ló wá kàn. Tí mo bá kúrò báyìí, tí géètì wá ṣí ńkọ́?"

"Kó ṣí. Kí ló wà níbẹ̀? Ìyẹ̀fun ni. Wọ́n á kó o sọ́kọ̀ ẹ, wàá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ, wàá jẹ eruku lọ, wàá jẹ eruku bọ̀, wàá tún wá jókòó sórí táyà yìí. Ìyẹn ni ohun tó ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

"Ẹ̀rù ìyàwó mi náà ń bà mí díẹ̀. Òun ni ọ̀gá mi nílé. Tí mo bá tún lọ bá a níléèwé, òun náà ló máa di ọ̀gá mi níbẹ̀."

"Ọ̀gá ẹ ni níbí tó o jókòó sí yìí. Ọ̀nà ló jìn tó ò fi gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ọkọ Tíṣà fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Nǹkan mìíràn wà tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lórí ìlà, kò sì dá a lójú pé Baba Jíà ló yẹ kó sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nítòsí náà leèyàn ń sọ̀rọ̀ fún.

"Ìgbà tí mo délé kẹ́yìn, ọmọ mi kékeré bi ìyá ẹ̀ pé, ṣé àlejò yẹn máa sùn síbí ni. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dùn mí, Baba. Ó dùn mí gan-an ni."

Baba Jíà mi orí.

"Tìẹ tiẹ̀ rọra béèrè. Tèmi gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó kí mi dáadáa. Ó wá ní tí bàbá òun bá dé, ta ni kóun sọ pé ó wá."

Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan fọn fèrè ọkọ̀ láìnídìí, àwọn mìíràn sì dá a lóhùn, kò ju àìrí nǹkan ṣe lọ.

"Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ sítọ́ọ̀ náà?" ni Baba Jíà béèrè.

"Kí n jókòó. Kí n máa fún àwọn tíṣà ní ṣọ́ọ̀kì àti ìgbálẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, kí n ti ilẹ̀kùn."

"Àga tó o máa jókòó lé, ṣé ó máa ń gbọ̀n?"

"Kì í gbọ̀n."

"Ṣé ẹnì kan máa wà lẹ́yìn ẹ tí á máa fọn fèrè sí ẹ létí?"

"Rárá."

"Tójò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Inú ilé ni màá wà."

"Inú ilé," ni Baba Jíà tún sọ, bí ẹni tí wọ́n ń ka orúkọ oúnjẹ fún nígbà tí ebi ń pa á. "Ó ní inú ilé lòun máa wà. Ó sì tún ń bi mí léèrè. Ṣé sítọ́ọ̀ máa ń bẹ́ táyà ni? Ṣé ẹnì kan máa ń dá sítọ́ọ̀ dúró lójú ọ̀nà pé kí lo gbé? O ti gbọ́ ọ rí pé sítọ́ọ̀ já bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?"

"N ò gbọ́ ọ rí."

"Ìwọ̀nba ọgbọ́n tó o ní, má fi jókòó lórí táyà. Dìde."

Ọkọ Tíṣà dìde. Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun máa kó ẹrù òun, òun á wa ọkọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òun á ránṣẹ́ sí olówó ọkọ̀ kó wá awakọ̀ mìíràn. Baba Jíà tẹ̀ lé e gòkè. Ó bá a gbé sítóòfù, ó bá a ká ẹní, ó bá a tú ṣẹ́ẹ̀tì tó sá sára dígí, ó tún wọ abẹ́ àga lọ bá a wá ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ò yí mọ́ ló ń fò sókè fò sílẹ̀ bí ọ̀bọ.

"Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ fẹ́ràn èèyàn."

"Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

"Bẹ́ ẹ ṣe ran Apárí lọ́wọ́ lánàá náà nìyẹn, ẹni tó wà níwájú mi. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, kò pẹ́, ó lọ bá bàbá ẹ̀ lóko."

"Orí ẹ̀ kò nírun, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Kúkúrú tó wà lẹ́yìn mi náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ irun gígẹ̀."

"Mo gbà á nímọ̀ràn, ó gbà."

"Àti ẹni tó máa ń sunkún lójú oorun."

"Òun ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

Ọkọ Tíṣà dúró, ó gbé sítóòfù sáyà. Nǹkan kì í tètè yé e, àmọ́ tó bá ti ń bọ̀, ó máa ń dé.

"Baba, nígbà tẹ́ ẹ dé orí ìlà yìí, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lọ́kọ̀ yín wà, nítòsí ààtàn yẹn."

"Ó ṣeé ṣe."

"Géètì ò sì tíì ṣí látìgbà náà."

"Kò tíì ṣí. Ọ̀lẹ ni wọ́n."

"Báwo lẹ ṣe wá dé ẹ̀yìn mi?"

Baba Jíà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni.

"Ìlà máa ń lọ."

"Ìlà tí géètì ò ṣí, ibo ló ń lọ?"

"Kí lo wá ń pariwo sí? Nígbà tí Apárí kúrò, ta ló bọ́ síwájú? Ìwọ ni. N ò rí i kó o sunkún lẹ́yìn ẹ̀."

Inú bí Ọkọ Tíṣà gidigidi. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yìí. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Irọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nígbà yẹn. Ẹ kàn ń fi ẹnu lé mi kúrò lọ́nà ni."

"Èwo ló jẹ́ irọ́ níbẹ̀?" Ojú Baba Jíà le wàyí. "Ṣé ọrùn mi ni? Ṣé àna mi tó ṣubú ni? Ọmọ ẹ tó ń pè ẹ́ ní àlejò, ṣé èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ló nílò irọ́ kó tó lé awakọ̀ kúrò lórí ìlà? Òótọ́ nìkan ti tó. N kì í tiẹ̀ sọ ọ́ dé ìdajì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní."

"Tó bá jẹ́ òótọ́, kí lẹ̀yin wá ń ṣe níbí?"

Baba Jíà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà kó tó dáhùn.

"N ò mọ iṣẹ́ míì."

"Ẹ sọ pé kò sí èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀."

Àfi gbàgà. Wọ́n fa irin géètì. Gbogbo ìlà jí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, fèrè ń dún, eruku sọ. Kí Ọkọ Tíṣà tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti jù sítóòfù sílẹ̀, ó ti wà nídìí síárìn, ọkọ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò bi í léèrè. Géètì fẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti ẹrù.

Ó mọ̀ pé tí òun bá wọlé, wọn ò ní kó ẹrù sí i tán kí iléèwé tó ṣíwọ́. Ó sì wù ú láti wọlé, kì í ṣe nítorí ìyẹ̀fun, bí kò ṣe kí Baba Jíà lè rí ẹ̀yìn ọkọ̀ òun kó sì bínú. Ìbínú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà á wọlé. Baba Jíà dúró nísàlẹ̀, ó ń na ọrùn tí kò yí sókè sí i.

"Bó o bá fẹ́ wọlé, wọlé. Bó o bá fẹ́ lọ, lọ. Má dí wa lọ́nà."

"Ẹ dákẹ́, Baba. Ẹ ti sọ̀rọ̀ jù lónìí."

Lọ́kàn rẹ̀, Ọkọ Tíṣà rí ojú ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń yọjú lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láti wo àlejò. Ó yí síárìn, ó fẹ̀ dáadáa, ó wa ọkọ̀ bọ́ kúrò lórí ìlà sínú koríko, ó pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ sí èjìká.

"Kì í ṣe nítorí yín ni mo fi ń lọ o."

"Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó lọ nítorí mi rí."

"Ẹ wọlé nígbà náà. Ọ̀nà ti ṣí. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ náà nìyẹn."

Baba Jíà gun ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣáná sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bú u, wọ́n ń bú ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó lọ. Kò lọ. Ó yọ orí síta.

"Ọkọ Tíṣà, sítọ́ọ̀ yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?"

"Ó ní ẹyọ kan."

"Ibo ló kọjú sí?"

Ọkọ Tíṣà ní láti rò ó.

"Ojú títì."

"Títì wo? Títì tí àwa ń gbà yìí?"

"Òun náà ni."

Baba Jíà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ki ọkọ̀ sí jíà.

"Á jẹ́ pé wàá máa rí wa bá a ṣe ń kọjá. Mò ń retí ẹ. Tó o bá dé, ẹ̀yìn mi ni kó o tò sí."