Iṣẹ́ Tí Tíṣà Rán Kọ̀ǹpútà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ? Ẹ ó ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò ní agbára àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ní Òkè-Ìrókò, ẹnu Bàbá Láwọyin ni a ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́bọ̀ kan, níwájú ilé Tíṣà Oyèníran. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí bí mo bá ń sọ ọ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Oyèníran fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò dá oko, kò sin adìẹ. Kọ̀ǹpútà ló dojú kọ. Ó ra àlòkù mẹ́ta tó ti bàjẹ́, ó tú gbogbo wọn palẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó sì to èyí tó dára nínú wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ní àràárọ̀, Tíṣà a máa kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìkànnì àdúgbò wa lórí fóònù. Kò sí ohun tí kì í dá sí. Ó ní ẹni tó bá ri fóònù tó bọ́ sómi mọ́nú ìrẹsì, ìrẹsì ló ń fi ṣòfò. Ó ní fáànù kì í mú yàrá tutù, òógùn ara wa ló kàn ń gbẹ. Ó ní fíríìsà nílùú tí kò sí iná, àpótí aṣọ ni. À ń kà á, à ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ìbéèrè fi bẹ̀rẹ̀. "Tíṣà, fóònù mi kú." "Tíṣà, rédíò wa kú." "Tíṣà, tẹlifíṣọ̀n yìí tún ti kú." Bó bá dá ẹnì kan lóhùn, ẹni mẹ́ta á tún wọlé. Ọbẹ̀ rẹ̀ a tutù, ojú rẹ̀ a pọ́n.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbíyẹmí, ní, "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ pa fóònù yẹn tì díẹ̀."

"Wọ́n á ní mò ń gbéra ga."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí."

Kò lè jẹ́ kí wọ́n wí. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ohun tó ṣe ni pé ó so fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá wa lóhùn ní orúkọ òun, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní ibikíbi tó bá ti rí "kú", kó fèsì pé: "Kò tíì kú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi ka ogún, yóò jí." Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò jí, kó sọ pé: "Ó ti gbó nìyẹn. Ẹ jù ú nù, ẹ ra tuntun."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan kí gbogbo ilé pé ẹ kú àárọ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò tíì kú, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú ti Tíṣà. Ó tún un ṣe kíákíá: bí "ẹ" bá ti ṣáájú "kú", ìkíni ni, kó dáhùn pé, "Ẹ ṣeun. A ó máa rí irú rẹ̀ lemọ́lemọ́." Lójú tirẹ̀, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú oríire, ẹ kú ọdún, kò sí èyí tí ìdáhùn yẹn kò bá mu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tíṣà fi jẹ ọbẹ̀ gbígbóná. Ó tiẹ̀ sanra díẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mo wí, Tíṣà lọ sí Òṣogbo lọ gba awò ojú rẹ̀. Ó fi fóònù sílẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà Àṣàbí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, mí èémí ìkẹyìn ní ọsibítù. Bí ara bá rọ ọmọ rẹ̀, Fọláhàn, ì bá ní Màmá relé. Ṣùgbọ́n omijé ò jẹ́ kó ráyè dà á pè. Ó kọ ọ́ sórí ìkànnì pé, "Màmá wa kú láàárọ̀ yìí."

Kí ẹnikẹ́ni tó kà á tán, Tíṣà ti fèsì pé kò tíì kú.

Èmi ni mo ka èsì náà sí etí Bàbá Láwọyin, àbúrò olóògbé, tó jẹ́ baálé àdúgbò wa. Bàbá ní kí n tún un kà.

"Ṣé Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà ni, Bàbá."

"Tíṣà kì í fi sáyẹ́ǹsì purọ́." Ó dìde, ó ní kí àwọn tó fẹ́ lọ gbẹ́ sàréè dúró ná, ó sì ní kí n wá ọkọ̀.

Nígbà tí a dé yàrá tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, Bàbá bi mí pé ibo ni Tíṣà ní ká tẹ̀. Mo ní kò sọ. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ení, èjì. Ó ka ogún pé. Ó dúró. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun ti fo méjìlá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Fọláhàn tó fara ti ògiri kọ̀wé pé, "Tíṣà, a ti tẹ̀ ẹ́, kò jí."

Èsì dé. Ó ti gbó nìyẹn. Ẹ jù ú nù, ẹ ra tuntun.

Láàárín àkókò yìí, àwọn ará àdúgbò ti ń bá Fọláhàn kẹ́dùn. Ẹ kú ìrójú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹni mọ́kànlélógójì ló kí i, ìgbà mọ́kànlélógójì ni kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé a ó máa rí irú rẹ̀ lemọ́lemọ́. Kó tó di ọ̀sán, ilé méjì ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú awò tuntun lójú. Ó rí èrò níwájú ilé rẹ̀, ó sì rò pé wọ́n wá kí òun kú awò tuntun ni. Ìyá Ìbíyẹmí na fóònù sí i. Awò náà dára, nítorí Tíṣà rí gbogbo rẹ̀ kà láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Láwọyin.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́. Kọ̀ǹpútà ni."

"Ta ló rán an?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó fi irọ́ kún iṣẹ́ tí o rán an ni?"

"Rárá, Bàbá. Bí mo ṣe ní kó wí gẹ́lẹ́ ló ṣe wí."

Bàbá Láwọyin mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ẹni tó lójú, bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ yìí, tó débẹ̀ tó bá ẹkún, á gbé iṣẹ́ náà mì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn, Tíṣà. O ní ká ra tuntun."

Fọláhàn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, Tíṣà rá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Tíṣà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé mọ́kànlélógójì, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń wúre pé a kò ní rí irú rẹ̀ mọ́, dípò lemọ́lemọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá rán yín sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Bàbá Láwọyin ló sọ ọ́, nígbà tí apá rẹ̀ ṣì ń ro ó láti ibi tó ti ń tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.