Aṣọ Pupa Lórí Ìtì Igi

Ẹnjiníà Gbémiga gé igi ńlá mẹ́rin ní Mówé kí wọ́n lè fẹ ọ̀nà ìjọba, ó sì kó gbogbo rẹ̀ dí ẹnu géètì Ìyá Àsmá'ù tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ìyá yìí kan náà ni alága ẹgbẹ́ onílé, òun ló sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ ti parí. Ẹnjiníà ò tijú, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn lébìrà rẹ̀, ó dé.

GBÉMIGA (ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, nítorí ṣòkòtò funfun): Ẹ káàsán, mà. Ẹ kàn bá wa sáìnì ibí yìí. Ọ̀nà ti dé!

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Ọ̀nà dé, géètì mi lọ. Ogún àpò ìrẹsì wà nílé, kẹ̀kẹ́ ò ríbi wọlé wá kó o. Èkúté nìkan ló ń rà á.

GBÉMIGA: Ṣebí igi ìdáná ọ̀fẹ́ nìyẹn, Mama! Mo rò pé ará àdúgbò á ti kó o tán.

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Ta ló máa kó o? Ìwọ lo so aṣọ pupa mọ́ ọn.

GBÉMIGA: Kí ọlọ́kadà má bàa kọlù ú ni! Sáfẹ́tì ni!

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Níbí o, ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tójú ẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Ewúrẹ́ gan-an ò jẹ ewé ẹ̀.

GBÉMIGA: Háà! Abájọ tí àwọn lébìrà mi fi ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn!

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Ti Mobọ́lájí nínú wọn kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó ní òun kàn wò ó ni, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun.

GBÉMIGA: Aṣọ lásán ni, Mama! Síńgílẹ́ẹ̀tì mi tó ti gbó ni. Ọmọ Ọlọ́run ni mí, irú ẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù.

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Ó dáa, lọ kó o. Àsmá'ù ti ka ìwé iṣẹ́ yín fún mi. Agbaṣẹ́ṣe tó bá gé igi lójú ọ̀nà ìjọba ló gbọ́dọ̀ kó ìtì, kó kó ẹ̀ka, kó kó ewé.

GBÉMIGA: Ewé náà?

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Ewé náà.

GBÉMIGA: Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò o! Ẹ kọ́kọ́ sáìnì, màá padà wá kó o.

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Bó o ṣe wí lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. O ní ọjọ́ Ẹtì.

GBÉMIGA: Ẹtì yẹn, mo wà ní Káǹpù. Àdúrà la gbà mọ́jú.

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: O ò rántí géètì mi níbẹ̀?

(Ìyá dìde jẹ́jẹ́. Ó ṣe bísímílà, ó tú aṣọ pupa kúrò lára igi, ó lọ so ó mọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ Ẹnjiníà.)

GBÉMIGA: Mama! Kí lẹ̀ ń ṣe?

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Sáfẹ́tì ni. Kí ọlọ́kadà má bàa kọlù ú.

(Gbémiga na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ padà sápò. Ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà padà. Ní òdìkejì ọ̀nà, Mobọ́lájí rí i pé aṣọ ti kúrò lórí igi, eyín rẹ̀ san lójú ẹsẹ̀. Òun àtàwọn lébìrà yòókù gbé ìtì, wọ́n wọ́ ẹ̀ka. Ẹnjiníà ká ṣòkòtò funfun sókè, ó ń ṣa ewé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, géètì ti ṣí, kẹ̀kẹ́ ti wọlé, Ìyá sì ti buwọ́ lùwé. Àwọn lébìrà wo ọkọ̀ náà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.)

GBÉMIGA (ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀): Ẹ ṣeun, mà. Ó ku... ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u.

ÌYÁ ÀSMÁ'Ù: Tú kí ni, ọmọ Ọlọ́run? Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ tó ti gbó?