Pátákó Ọpẹ́ fún Kọmíṣánnà Bọ́ọ̀lù Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Akọ̀wé kan wọ ṣọ́ọ̀bù agbẹ́gilére, ó há kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní gbèdéke: kó tó di alẹ́, kó fi ẹ̀rí kan ṣoṣo han òun pé ẹnì kan ti dúpẹ́ rí lórí iṣẹ́ kọmíṣánnà tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó pa á tì. Ẹ̀rí kò sí. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fi igi ṣe é.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá. Pátákó ọpẹ́ ni mo fẹ́."

Bàbá agbẹ́gilére pa ẹ̀rọ tó fi ń fá igi, àmọ́ ariwo rẹ̀ kò tíì jáde létí ẹ̀. "Pátákó ọ̀pẹ? Ọ̀gá, ta ló ń fi ọ̀pẹ ṣe pátákó? Fọ́nrán ló kún inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fún yín ní igi gidi."

"Ọpẹ́, Bàbá! Bíi 'a dúpẹ́'!"

"Ẹ̀ẹ́n! Ẹ gbé ohùn yín síbi tó yẹ. Ta lẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Kọmíṣánnà wa." Akọ̀wé gbójú sókè wo òrùlé. "Èèyàn dáadáa ni."

Bàbá sáré fa àga, ó fi apá aṣọ nù ún. "Kọmíṣánnà! Ti kí ni?"

"Ti eré."

"Ti ère!" Inú bàbá dùn. "Ó tó gẹ́ẹ́! Ogójì ọdún ni mo ti ń gbẹ́ ère, ìjọba ò rántí wa rí. Ìgbà wo ni wọ́n yàn án?"

"Eré, Bàbá, kì í ṣe ère. Eré bọ́ọ̀lù."

"Èrè bọ́ọ̀lù? Áà, owó ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn."

"Kò sí èrè kankan! Eré ni. Eré tí kò lérè."

"Eré tí kò lérè, tí kò sì lére. Kí wá ni kọmíṣánnà ń ṣe níbẹ̀?"

Akọ̀wé jókòó dáadáa sórí àga. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń retí kí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè yìí. "Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sáré yípo pápá, á sì padà síbi tó ti gbéra."

"Igi wo?"

"Igi kígi, Bàbá."

"Igi kígi! Ẹ ò rí ìdí tí ẹ ò fi jèrè?"

"Kò tiẹ̀ sí igi níbẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà la ti ń gbá a."

"Pápá ńkọ́?"

"Kò sí pápá."

"Bọ́ọ̀lù?"

"Kò sí."

"Ṣé àwọn tó ń gbá a wà ṣá?"

"Orúkọ wọn wà. Ẹ̀rọ ló ń ṣírò bí wọn ì bá ṣe gbá a. Àwa mẹ́rìnlélógún la wà nínú líìgì, oníkálùkù ló ní ẹgbẹ́ tiẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tèmi kan ti kú láti ọgọ́ta ọdún, ó ṣì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta jáde ní pápá lánàá."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Òkú ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ni àwọn alààyè wá ń ṣe?"

"Wọ́n ń bú kọmíṣánnà."

"Kí ló ṣe fún wọn?"

"Kí ni kò ṣe!" Akọ̀wé dìde. "Lójoojúmọ́, aago mẹ́rin géérégé, òun ló ń tẹ ẹ̀rọ kí èsì jáde. Ẹni tó pàdánù á ní ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹni tó borí á ní èsì pẹ́. Tí ẹni méjì bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, òun ni adájọ́: tó bá gbà, olè ni, tí kò bá gbà, atojúbọ̀ ni. Ẹnì kan wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ti nà án díẹ̀, á sá lọ. Kọmíṣánnà lá máa bá a tọ́jú ẹgbẹ́ ẹ̀. Tó bá dé, á ní ta ló ba ẹgbẹ́ òun jẹ́! Ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀ ń rọbí gan-an, èsì jáde!"

"Ibo ló jókòó sí?"

"Ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí."

"Ìyàwó ẹ̀ rí i?"

"Ó rí i." Ohùn Akọ̀wé rẹlẹ̀. "Kò tíì gbàgbé."

"Ẹ mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn o."

"A... a jọ ń gbélé ni. Ẹ sáà mọ̀ pé àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà mẹ́tàlélógún ni mò ń... ni kọmíṣánnà ń bójú tó!"

Bàbá fi pẹ́ńsùlù há etí, ó tún yọ ọ́. "Kí la máa kọ?"

Akọ̀wé fa ìwé yọ lápò. "'Àwa ọmọ líìgì dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ Kọmíṣánnà wa, olóòótọ́, onísùúrù, arẹwà ọkùnrin...'"

"Ẹ dúró ná. Wọ́n ń fi ojú gbá bọ́ọ̀lù yìí ni?"

"Ẹ yọ arẹwà."

"'Àwa', àwa wo? Ọpẹ́ gbọ́dọ̀ lórúkọ lábẹ́. Ẹ pe ẹnì kan nínú wọn kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

Ibẹ̀ ni fóònù Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́. Aago mẹ́rin ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Ó fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, ó ṣèèṣì tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gbohùn rẹ̀ sílẹ̀:

"Kọmíṣánnà! Èsì dà? Ṣé o ti kú ni? Ọ̀lẹ paraku!"

"Kọmíṣánnà ni wọ́n ń bú lórí fóònù yín," ni Bàbá wí.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà."

"Ìwọ nìyẹn!" Bàbá ti gbàgbé pé oníbàárà ni. "Ìwọ lo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ara ẹ!"

Akọ̀wé fọwọ́ gbá èérún igi kúrò lórí tábìlì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, òógùn bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bú mi tó bá yá. Wọ́n ń dúró."

Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ń já bọ́ lójú ẹ̀rọ, Akọ̀wé ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún ibì kan ṣe, ó tẹ̀ ẹ́. Èsì jáde. Fóònù dákẹ́ rọ́rọ́.

"Kò sẹ́ni tó dúpẹ́?"

"Kò sẹ́ni."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Aago mẹ́rin." Akọ̀wé pa kọ̀ǹpútà dé. "Ó dùn mí, Bàbá. Gbólóhùn kan péré ni mo ń wá, kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí ìyàwó mi tó dé."

Bàbá họ irùngbọ̀n. "Kọmíṣánnà tí mo ti gbẹ́ pátákó ọpẹ́ fún á tó méjìdínlógún. Ti ìjọba gidi. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn wá, gbogbo wọn ló ní ará ìlú ló rán àwọn. N ò rí èyí tó ṣiṣẹ́ lójú mi rí. Ẹ̀yin nìkan ni."

Ojú Akọ̀wé tàn. "Ẹ máa gbẹ́ ẹ?"

"Màá gbẹ́ ẹ. Orúkọ tèmi ni màá kọ sábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá! Màá wá gbà á laago márùn-ún."

"Aago márùn-ún kẹ̀? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ìyàwó mi ń bọ̀ lálẹ́ yìí! Ti àwọn méjìdínlógún yẹn, báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Wákàtí kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni tiwọn. Òótọ́ ni tiyín, òótọ́ gbígbẹ́ ò sì tíì mọ́ mi lọ́wọ́."