Eyín Màámi Nínú Dúrọ́ọ̀

Ọjọ́ tí eyín ìyá mi há sínú dúrọ́ọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kàn, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ títí tí n ó fi kú.

Ẹsẹ̀ Màámi ti kọṣẹ́ nígbà náà. Yàrá kan ni wọ́n ń dá gbé ní Ajégúnlẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sì máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn wọ́n jù.

"Kí n tó mu omi lásán, àfi kí n ké sí èèyàn," ni wọ́n wí fún mi. "Ó ti sú mi."

Ni mo bá ní n ó kan kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó ní dúrọ́ọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kí omi, oògùn, Bíbélì àti eyín àtọwọ́dá wọn lè wà nítòsí. Èmi tí mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road! Mi ò di ayùn mú rí láyé mi.

Mo ra pákó tí wọ́n já sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Òjò ti pa á, ó ṣì tutù, àmọ́ mo ní pákó ni pákó ń jẹ́. Iwájú ilé Màámi ni mo ti ń rẹ́ ẹ ní gbogbo Sátidé. Ìṣó tí mo bá gbá, á wọ́. Èyí tí kò bá wọ́, àtàǹpàkò mi ni òòlù ń bà. Mama Ejiro, ará ilé wọn, wo pákó títí, ó wo ojú mi.

"Broda, abeg, no be coffin you dey make so?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ pósí yẹn gún mi lọ́kàn.

Kí n tó parí, omi òjò ti ń wọ yàrá, àwọn ará ilé sì ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì Màámi sókè. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fi tépù wọ̀n dáadáa wá dà bí àpótí ìjókòó ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wá búlọ́ọ̀kù sábẹ́ òun náà. Màámi fọwọ́ pa á lórí, wọ́n súre fún mi bíi pé ilé ni mo kọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀ wá gbàdúrà fún wọn. Màámi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn láìsí eyín lẹ́nu, inú dúrọ́ọ̀ ni eyín sì wà. Mo fà á, kò wá. Òjò ti mú kí pákó wú. Mo fẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo fi gbogbo agbára fà á, ibi tí mo dì mú já sí mi lọ́wọ́, mo sì fìdí jókòó sínú omi. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ìyá ìjọ wọlé.

"Ẹ kú ilé o! Ṣé kò sí nǹkan o?"

Màámi yára fi ìborùn bo ẹnu. Ojú tì mí, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo rí i tí èjìká Màámi ń gbọ̀n. Àṣé ẹ̀rín ni! Wọ́n ṣí ìborùn, wọ́n fi èrìgì lásán rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn.

"Ẹ bá mi wo káfíńtà mi!"

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo tú kí eyín tó jáde.

Màámi ò rí ìparí òjò ọdún náà. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi ni kọ́bọ́ọ̀dù wà báyìí. Ó ti gbẹ, ìka kan ni mo fi ń fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀. Mo ti kọ́gbọ́n pé kéèyàn jẹ́ kí pákó gbẹ kó tó kàn án. Ṣùgbọ́n ká ní mo dúró kó gbẹ ni, Màámi ì bá má fojú kàn án.

Nígbà mìíràn mo máa ń fà á tipátipá, bóyá á há. Kì í há mọ́. Màá rẹ́rìn-ín, màá tì í padà.