Ọjọ́ Tí Mo Wé Gèlè fún Àpò Ẹ̀pà

Bí wọ́n bá gbé mi dé sàréè tán, bóyá níbẹ̀ ni màá ti gbàgbé ọjọ́ ọjà Ìwéré-Ilé kan báyìí tí ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ojú kì í sì í tètè ti èmi. Ẹni tó ti ń ta ẹ̀pà láti kékeré, tó ti bá àwọn onímọ́tò Ìsẹ́yìn fa ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́, ibo ni ìtìjú fẹ́ gbà wọ ẹni bẹ́ẹ̀ lára? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó rí ọ̀nà.

Abà wa ń jẹ́ Ìdí-Emi. Ọ̀nà ibẹ̀ sí Ìwéré-Ilé dà bí ẹnu arúgbó: ihò, òkúta, ihò. Láti ìgbà tí bẹntiróòlù ti gbówó lórí, ọlọ́kadà kì í dé ọ̀dọ̀ wa mọ́ àfi tó bá ṣìnà. Orí la fi ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ la fi ń gbé aboyún lọ bímọ. Ìgbà tí ìjọba wá fi owó ìlú ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, tí wọ́n ní kì í mu epo, kì í rú èéfín, pé oòrùn ló ń jẹ bí alángbá, èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tó bá jẹ́ oòrùn ló ń gbé nǹkan rìn, èmi tí mo ti ń sá oòrùn láti ọjọ́ yìí, ṣé kò yẹ kí n ti máa fò?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni, abà méjì ló sì ń dù ú, àwa àti àwọn ará Abà Olókúta. Wọ́n ní ká jọ máa lò ó ná, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò ni wọ́n máa fún pátápátá, pẹ̀lú ilé sólà tí wọ́n ti ń gba iná sí i lára. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù l'Ótù ni alága ìgbìmọ̀ tó máa dá ẹjọ́ náà. Bàbá Alága là ń pè wọ́n. Ọjọ́ ọjà yẹn gan-an ni wọ́n ní àwọn máa kéde ibi tí kẹ̀kẹ́ máa wà. Ọkàn wa ò balẹ̀, torí Sìdí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, wà nínú oṣù rẹ̀, ìdí ọmọ inú rẹ̀ sì ni wọ́n ní ó kọ sísàlẹ̀.

Òfin Bàbá Alága ni pé yàtọ̀ sí ẹni tó ń wà á, kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ gbé ju èèyàn mẹ́rin àti àpò mẹ́ta lọ. Èmi ní àpò ẹ̀pà mẹ́rin nílẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo mú àpò kẹrin, mo ró ìró fún un, mo da ìborùn bò ó, mo wé gèlè fún un, mo sì gbé e jókòó sáàárín èmi àti Ìyá Sìdí. Gèlè náà dúró ju tèmi lọ.

Ràfíù tó ń wa kẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn. "Ìyá Ẹlẹ́pà, ta nìyẹn?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Ṣebí ìyá ọkọ yín ti kú."

"Wọ́n ti padà dé. Máa wakọ̀ lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa àwa ará oko. Orí ọkadà la ti ń sọ àṣírí. Ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá ń bú lémọ́ọ̀mù níwájú mọ́sálásí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́, àfi ẹni tó o ń pariwo sí létí. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í dún. Ó ń yọ́ lọ bí ológbò tó jí ẹja. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ọkọ̀. Mo kọjú sí Ìyá Sìdí, mo figbe ta:

"Bàbá Alága yìí, ahun gbáà ni! Ó sàba lé kẹ̀kẹ́ wa lórí bí adìẹ tó sàba lé òkúta!"

Ìyá Sìdí náà figbe dáhùn: "O ò wo irùngbọ̀n ẹ̀!"

"Ìyẹn kì í ṣe irùngbọ̀n! Ìgbálẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti jù nù ni!"

Ràfíù wúkọ́. Mo ní kó lọ mu àgbo. Ó tún wúkọ́. Mo ní bóyá ikọ́ àwọn bàbá rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo wá bojú wo iwájú, mo rí agbòòrùn dúdú kan tó ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ọkadà ni, ẹni tó wà lábẹ́ agbòòrùn ì bá ti gbọ́ ọ láti òkèèrè, ì bá sì ti yà. Eléyìí ò gbọ́ ọkọ̀ rárá. Ohùn mi ló gbọ́. Ó yíjú padà, ó sì di Bàbá Alága.

"Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Ẹlẹ́pà," ni wọ́n wí. "Ọjà á tà o."

Ta ló máa fi àgbàlagbà sílẹ̀ nínú oòrùn? Ràfíù dúró, Bàbá sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A gbéra. Mo ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

"Bàbá, irùngbọ̀n yín mà dára lónìí o."

"Ẹ ṣeun," ni wọ́n dáhùn. "Wọn ò tíì jù ú nù."

Bí mo ṣe ń wá ibi tí màá fi ojú sí, wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n rí àpò mi. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọn ò lè rí àgbà kí wọ́n má kí i.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó o."

Àpò ò dáhùn.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó o!"

"Wọ́n ń sùn ni, sà," ni mo wí.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ni." Lẹ́ẹ̀kan náà ni Ìyá Sìdí ní, "Ojú ni."

"Ẹsẹ̀ àti ojú ni, sà. Ara àgbà."

Bàbá bá ṣí fìlà, wọ́n ṣe àdúrà gígùn fún àpò ẹ̀pà, pé Ọlọ́run á fún un lálàáfíà, á jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mò ń ṣe àmín. Èjìká Ràfíù ń gbọ̀n níwájú bí ẹni tí ibà mú.

Òkè kan wà kéèyàn tó wọ ọjà. Kẹ̀kẹ́ gùn ún dé ìdajì, ó mí kanlẹ̀, ó dúró. Ràfíù ní ẹrù ti pọ̀ jù, ká sọ̀ kalẹ̀ ká tì í. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá ńkọ́?" ni Bàbá bi mí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, sà. Wọn ò wúwo."

"Rárá o. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí padà sẹ́yìn ńkọ́? Màmá, ẹ rọra, ẹ fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn."

Kí n tó dé ọ̀hún, Bàbá ti gbá a mọ́ra, wọ́n fà á. Gèlè já bọ́. Bàbá rò pé orí ni! Wọ́n kígbe "Láìláà!" wọ́n fò sẹ́yìn, ọwọ́ wọn fa okùn àpò, okùn já, ìyá ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Ẹ̀pà ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè. Àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ tí wọn ò gbọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ́ ẹ̀pà. Wọ́n dé tọmọtọmọ.

Mo bá kúnlẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i pé mo ti ta gbogbo abà nítorí àpò kan. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣẹ̀, abà ò ṣẹ̀. Ẹ má fi tèmi jẹ Sìdí níyà, oyún rẹ̀ ti pé oṣù, ìdí ọmọ ló sì kọ sísàlẹ̀. Mo di àpò mẹ́rin torí pé kẹ̀kẹ́ ò ní kàn wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ọrùn mi ò sì lè ru ẹrù rìn débí mọ́."

Bàbá wò mí, wọ́n wo òkè, wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n sì bá wa ti kẹ̀kẹ́. Kí á tó dé orí òkè, òógùn ti mú irùngbọ̀n wọn lẹ̀ mọ́ àyà. Mo rí i. Mi ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọjà kún, Bàbá dìde níwájú abà méjèèjì. Èmi ti sá sẹ́yìn àwọn oníṣu.

"Mo ti fọwọ́ ara mi ti kẹ̀kẹ́ yìí lónìí," ni wọ́n wí. "Kẹ̀kẹ́ kan ò tó abà méjì. Màá padà lọ bá ìjọba pé kí wọ́n fún Olókúta ní tiwọn, àti èyí tó ń kó ẹrù nìkan. Títí ìyẹn á fi dé, Ìdí-Emi ni eléyìí máa wà. Aboyún wọn ti sún mọ́."

Àwọn ará Olókúta kùn. Ọ̀kan ní, "Bàbá, àwọn yẹn máa di ẹrù lé e pa!"

"Wọn ò lè dì í. Mo ti yan ẹni tó máa máa yẹ ẹrù wò. Ìyá Ẹlẹ́pà, ẹ jáde níbẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni fẹ́ dá tí ẹ̀yin ò ti dá."

Ẹ̀rín bú lọ́jà. Ẹni tó ń wọn gààrí gbàgbé iye kóńgò tó ti wọ̀n.

Kẹ̀kẹ́ náà ló gbé Sìdí dé ọsibítù ṣáájú kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà tí àkókò tó. Ó bí ọkùnrin. Ohun tí mo kọ́ ni pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ẹni tó bá rẹ́ ẹ jẹ, ara rẹ̀ ló rẹ́ jẹ. Mo sì kọ́ pé kéèyàn kọ́kọ́ fetí sí ọkọ̀ kó tó lanu.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Bàbá gbé fún mi yìí ti sọ mí di ọ̀tá gbogbo obìnrin abà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Ìyá Sìdí sọ àpò irú tó fi sábẹ́ ẹní kalẹ̀. Ó pòṣé, ó ní, "Kọ́sítọ́ọ̀mù! Ti ẹnubodè Ṣakí tiẹ̀ sàn, àwọn ń gba ẹ̀bẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣáà sọ àpò náà kalẹ̀.