Ládélé Pe Òyìnbó Wá Jẹ Bulúbẹ́rì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ládélé fi sin igi bulúbẹ́rì bí ẹni ń sin àna, ní Deer Park, lẹ́bàá Houston. Irú tó máa ń ga tó èèyàn ni, Misty lorúkọ rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ò bá a lára mu, omi òjò ni Ládélé ń gbè sí dúrọ́ọ̀mù fún un.

Ládélé fúnra rẹ̀ ń mu omi ẹ̀rọ.

Múdàṣírù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò yé fi í ṣẹ̀sín lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn.

"Ládélé, ewé yìí, ṣé o fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

"Fi mí sílẹ̀. Ní Sátidé, wàá rí fọ́tò èso."

"Bó bá so, màá gbà fún ọ lójú gbogbo ẹgbẹ́."

Ó mà so lóòótọ́. Èso mọ́kàndínlógún.

Sátidé pé. Ládélé ká a sínú abọ́, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́yìnkùlé, ó ń nu ojú fóònù. Ọ̀fun ń dá a tólótòló, ló bá ju ẹyọ kan sẹ́nu.

Ìgbà yẹn gan-an ni Cornelius, òyìnbó àgbàlagbà tó múlé gbè é, yọrí lókè fẹ́ǹsì.

Kí ni ọmọ Yorùbá ń sọ tí wọ́n bá ká a mọ́ ìdí oúnjẹ?

"Cornelius, wá jẹun."

Nílé tiwa, èsì kan ló wà: "Á gba ibi ire." Kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Cornelius ní, "O ṣé gan-an."

Gbìì! Ó ti fo fẹ́ǹsì. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tí orúnkún ń dùn.

Wọ̀mù. Wọ̀mù. Wọ̀mù.

Ta ní ń pe èèyàn sídìí abọ́ kó tún máa ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu? Ẹnu Ládélé ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń sunkún.

Abọ́ dá. Kò sí èso, kò sí fọ́tò. Àfi ahọ́n Cornelius tí omi èso ti sọ di aró.

"Jọ̀ọ́, yọ ahọ́n síta."

Ládélé ya fọ́tò ahọ́n, ó jù ú sí ẹgbẹ́: "Ẹ wo ẹ̀rí."

Èmi tí mò ń ròyìn yìí náà wà nínú ẹgbẹ́, ẹ̀rín ń pa mí.

Veronica tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé bàbá yẹn lọ sí ọsibítù kíá. Ahọ́n tó bá rí báyìí, èémí ò kárí ara mọ́."

Ẹnì kan ti gbé àdúrà sókè. Àmín mẹ́tàdínlógójì ya wọlé.

Lẹ́yìn náà ni Múdàṣírù kọ tiẹ̀:

"Ládélé, mo gbà. Igi rẹ so. Ó tún ti pa òyìnbó."