Bí Ìyá Ìbejì Ṣe Yọ Wá Nínú Orin Látìn

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi pàápàá, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí ní Sharjah, nítòsí Dubai, níbi tó jẹ́ pé Jímọ̀ la máa ń ṣe ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn ọdún 1990.

Físà mi ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìyáàfin òyìnbó kan, ọ̀gá ilé ìwé ní Dubai, ń wá tíṣà orin, ó sì ní òun á wá gbọ́ kwáyà mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá gbà mí síṣẹ́, mo dúró; bí kò bá gbà mí, Èkó yá nìyẹn. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo kọrin nínú kwáyà níbẹ̀ fún sáà kan, ìyẹn sì ti tó kí n máa ṣe bí ọ̀mọ̀wé orin.

Mo yan mótẹ̀ẹ̀tì kan, orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lédè Látìn. Kò sí dùùrù ńbẹ̀. Ohùn kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á gba ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn rẹ̀, títí ohùn mẹ́rin á fi máa lé ara wọn kiri, kálukú níbi tirẹ̀, kí wọ́n tó pàdé níparí. Àwọn akọrin mi, oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Deira lápá Dubai fi ránṣẹ́ sí Èkó, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n Délé, báásì wa, bi mí pé, “Àbúrò, o ò ní ṣàlàyé fún ìjọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá lajú á mọ̀.”

Lọ́jọ́ náà, tírẹ́bù wọlé, áátò tẹ̀ lé e, tẹ́nọ̀ náà wọlé. Kò sí àṣìṣe kankan, mo lè búra. Báásì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sí i ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì tó ń ta léèsì, lẹ́yìn mi: “Áà, àwọn ọmọ yìí ti ṣìnà.”

Ẹ sì mọ ìjọ wa. Bí akọrin bá ṣìnà, a kì í jẹ́ kí ojú tì í. Orin mìíràn la fi ń bò ó láṣìírí. Ìyá Ìbejì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dá kọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀. Gbogbo ìjọ gbè é. Mo ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Tẹ́nọ̀ ló kọ́kọ́ sá fún mi, tírẹ́bù àti áátò tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n Délé nìkan ló kù sínú Látìn. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n náà ti ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyáàfin òyìnbó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní orin kejì yẹn mà dùn o, ta ló kọ́ wọn? Ti àkọ́kọ́, ó ní àánú wa ṣe òun. Mo ti la ẹnu láti parọ́ nígbà tí Ìyá Ìbejì dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: “Na me, madam.”

Ìyáàfin náà ní òun á kọ lẹ́tà sí mi. Kò kọ ọ́. Ìyá Ìbejì ní tiwọn gbá mi léjìká: “Má ronú, ọmọ mi. Ṣebí a yọ yín.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti wà l'Ékòó. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí o bá fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí níwájú àwọn tó fẹ́ràn ẹ, tètè sọ fún wọn, kí wọ́n má baà gbà ẹ́ là. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ má kàn bi mí bóyá ó ń dùn mọ́ mi.